Ọ̀nà Irin Elizabeth àti Àwa Ará Abbey Wood

Olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí ní kí á kọ nǹkan lórí owó orí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa lọ́dọọdún. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí á fi owó orí sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí á sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀ ju bí ó ti kan àwa àgbà lọ. Ẹ fara balẹ̀ fún wa díẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin Elizabeth fún èrò ní ìlú London. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ọjọ́ 17, Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ dé ibùdó Paddington wá wo iṣẹ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tó fi wàjà. Ọdún 2016 ni wọ́n ti kéde pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa fi pè é. Kí ó tó dìgbà náà, Crossrail ni gbogbo wa ń pè é, àwọn mìíràn nínú wa ò sì tíì jáwọ́ nínú orúkọ àtijọ́ yẹn títí di òní.

Ohun tó yẹ kí á mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí á rántí pé ọkọ̀ tó ń ti Shenfield bọ̀, tó ń gba Romford, Ilford àti Stratford, Liverpool Street ló ń parí sí. Èyí tó ń ti Reading bọ̀, tó ń gba Slough, Hayes àti Southall, Paddington ni tirẹ̀ mọ. Bí ẹ bá fẹ́ ti Ilford lọ kí ẹbí ní Hayes, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ ní Liverpool Street, ẹ ó wọ inú ihò lọ bá ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kan dúró títí dé Paddington, kí ẹ tó tún wá ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀nà Heathrow tí wọ́n ṣí ní 1998, Paddington lòun náà mọ. Àwa tí a wà ní gúúsù odò Thames ńkọ́? London Bridge, Cannon Street àti Charing Cross ni ọkọ̀ Abbey Wood ń gbé wa lọ, kò bá àwọn tó kù da nǹkan kan pọ̀. Olúkúlùkù ń dá ṣe tirẹ̀, bí àwọn orogún tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé kan náà.

Wọ́n wá gbẹ́ ihò méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gba abẹ́ ìlú kọjá, kìlómítà 21 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi so àwọn ọ̀nà àtijọ́ wọ̀nyẹn pọ̀. Lẹ́yìn Whitechapel ọ̀nà yà sí méjì: ọ̀kan kọjá sí Stratford títí dé Shenfield, èkejì gba Canary Wharf àti Custom House, ó gba abẹ́ odò Thames jáde sí Woolwich, ó sì parí sí Abbey Wood lọ́dọ̀ wa. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 100 kìlómítà, ibùdó 41 ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ 8 ni wọ́n lò láàrin 2012 sí 2015, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì fún gbogbo wọn, Ada, Phyllis, Mary, Sophia àti àwọn yòókù, bí ẹni pe orúkọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Lára iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde, ó lé ní 3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù Wallasea ní Essex láti fi ṣe ibùgbé fún àwọn ẹyẹ. Ní Liverpool Street, ní 2015, egungun òkú tó lé ní 3,000 ni àwọn awalẹ̀pìtàn kó kúrò ní ibi ìsìnkú àtijọ́ kan kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi pẹ́ ló wù wá jù láti sọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ṣèlérí. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ní kò ní lè ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ihò tán nígbà náà, irin ti wà nílẹ̀. Lóòótọ́ àwọn ibùdó kan ò tíì parí, ṣùgbọ́n ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó dá wọn dúró ni àmì tó ń darí ọkọ̀. Ẹ rí i, ọ̀nà àtijọ́ tó ń ti Shenfield bọ̀ ní àmì tirẹ̀, ihò tuntun tó wà láàrin ìlú ní tirẹ̀, ọ̀nà Heathrow náà sì ní tirẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó dà bí ọmọ wa tí à ń bá sọ Yorùbá ní yàrá ìdáná, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, tí ìyá rẹ̀ àgbà tún ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí lórí fóònù. Ọmọ tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kan kọ́ ló ti kọ́ ọ. Ètò kọ̀ǹpútà tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n ń dán wò, tí àìsàn Kòrónà tún wá bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ní 2020. Kódà nígbà tí wọ́n ṣí i tán ní 2022, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì so pọ̀. Ẹni tó bá ń ti Reading bọ̀ ṣì ń sọ̀ ní Paddington kí ó tó wọ ọkọ̀ mìíràn, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Oṣù Karùn-ún 2023 ni gbogbo rẹ̀ tó wá gún régé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìwé owó wò wàyí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà. Ní 2010, 14.8 bílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n dá lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ó ti sún mọ́ 19 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá ti fi owó ránṣẹ́ sílé rí pé kí wọ́n bá òun kọ́lé sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí ò ní yà á lẹ́nu. Níbo ni owó ti wá? Ìjọba orílẹ̀-èdè yìí mú tirẹ̀ wá. Láti oṣù Kẹrin 2010, àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìtajà ńlá ní London ń san pẹ́nì 2 lé orí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún ilé tí wọ́n ń lò. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí èèyàn wa ń ta iṣu àti èlùbọ́ sí ò sí lára wọn. Láti oṣù Kẹrin 2012, ẹni tó bá ń kọ́ ilé tuntun náà ń san tirẹ̀ ní ìwọ̀n bí ilé rẹ̀ ṣe tóbi tó. Nígbà tí owó wá tán ní 2018, àwọn aláṣẹ London yá 1.3 bílíọ̀nù lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n tún lọ yá 825 mílíọ̀nù kún un ní 2020. Inú owó tí àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn akọ́lé ń san yẹn ni wọ́n ti ń san gbèsè náà padà.

Ẹ wá wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé yìí. Ẹni tó ní ilé lẹ́bàá ibùdó ni. Kò sí owó kan pàtó tí wọ́n ní kí onílé mú wá nítorí pé ọkọ̀ tuntun sọ iye ilé rẹ̀ di ńlá. A ó padà sí orí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ò mọ bí a ti ń pa iṣẹ́ tì. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òfin Crossrail lọ sí Ilé Aṣòfin, ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ sì dà á nù ní 1994. Ọdún 2008 ni òfin tó wá jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tó jáde, ọdún 14 gbáko. Nílé, Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin ìlú Èkó ní 1983, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún 38 nìyẹn. Ohun tó mú ti ibí yá díẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òfin dáàbò bo ojú ọ̀nà tí ihò máa gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́ nǹkan dí i. Iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò sá lọ. Inú wa dùn sí ti Èkó náà, a sì ń retí kí ó gùn sí i.

Ó yá, kí ni ọkọ̀ yìí ṣe fún wa? Ẹ mọ bí a ti dé ìhà ibí. Thamesmead jẹ́ àdúgbò tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà, ọdún 1968 ni àwọn èèyàn àkọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀, wọn ò sì fi ibùdó ọkọ̀ ojú irin kankan sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa kó wá láti Peckham àti Deptford nítorí pé ilé dínwó níbẹ̀. Owó ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ odò. Bọ́ọ̀sì 177 tó ń ti Thamesmead lọ sí Peckham, èyí tí àwọn ìyá fi ń kó ẹran àti ata rodo bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ohun nìkan ló so wá mọ́ ibi tí a ti wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní Canary Wharf ń rí ilé gíga ibẹ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti di wákàtí kan àti bọ́ọ̀sì méjì. Láti Abbey Wood báyìí, ìṣẹ́jú 11 ni. Ìṣẹ́jú bíi 15 ló ń gbé àwọn nọ́ọ̀sì wa dé Whitechapel, níbi tí ilé ìwòsàn Royal London wà. Kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ẹ ti wà ní Paddington. Kò yà wá lẹ́nu pé láàrin oṣù Kẹrin 2023 sí oṣù Kẹta 2024, ìrìn àjò tí èrò fi ọkọ̀ náà rìn lé ní 200 mílíọ̀nù.

Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ti mọ àwọn tí à ń wí, àwọn ló máa ń dá orin nígbà ìpàdé. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ilford ni wọ́n ń gbé. Fún ọdún mẹ́rin, a ò rí wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé alága ló ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tí àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa lọ bẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, “Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, orúnkún mi ló ń bá àtẹ̀gùn jà.” Àtẹ̀gùn ibùdó àtijọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, sísọ̀ ní ibí, gígùn ní ọ̀hún, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kọjá. Gbogbo ibùdó 41 orí ọ̀nà Elizabeth yìí ni arúgbó àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera ti lè bọ́ sí ìta láìgun àtẹ̀gùn kankan. Ní àwọn ibùdó tuntun abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ibùdó àti ilẹ̀ inú ọkọ̀ dọ́gba. Ní Ilford tí kò rí bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ibùdó máa ń gbé pákó tẹ́ fún wọn. Ní 2023, nígbà ìsọmọlórúkọ kan tí a ṣe ní Woolwich, ìyá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, ọmọ wọn tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, ní Whitechapel. Orin tí wọ́n dá lọ́jọ́ náà, ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìmọ̀ràn kan kún un fún ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ náà gùn ju 200 mítà lọ, ibùdó sì gùn bá a. Ní Liverpool Street, bí ẹ bá gba ìpẹ̀kun kan jáde, Moorgate ni ẹ ó ti rí ara yín. Ní Farringdon náà, ìpẹ̀kun kan jáde sí Barbican. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sókè dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kí ẹ má baà rin ìrìn tí ẹ ò bá ẹsẹ̀ sọ.

Ti Heathrow ńkọ́? Ẹni tó bá ti Èkó dé tẹ́lẹ̀, tó ní àpótí méjì, àpò gàrí kan àti ẹja gbígbẹ tí ó fi aṣọ wé, ó ní láti gbé gbogbo rẹ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dé Abbey Wood, tàbí kí ó san owó tákísì tó tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Lónìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, bíi wákàtí kan. Owó rẹ̀ ju ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹrù tí kò sì kánjú, kí ó gba ti Piccadilly jàre.

A ò ní sọ pé kò ní àléébù. Kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú, nítorí náà àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ sìkọ́ríìtì lóru tàbí tó ń tọ́jú arúgbó ṣì ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ojú irin kan náà ni òun àti àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn jọ ń lò. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa la ó jọ jìyà rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, wáyà iná bàjẹ́ nítòsí Paddington, àwọn èrò sì jókòó sínú ọkọ̀ nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó bá so ọ̀nà púpọ̀ pọ̀, wàhálà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan náà ni yóò máa gbé kiri.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ihò yẹn ni àwọn alágbàtà ilé ti ń kọ Crossrail sára pátákó wọn. Àwa náà ní ilé ní Abbey Wood, a kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ò kun ilé náà, a ò fi yàrá kún un, a kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, iye rẹ̀ sì ń gòkè. Nínú ìwé ìṣirò, èrè tí ẹnikẹ́ni jẹ láìṣiṣẹ́ kì í wá láti ojú ọ̀run. Ẹnì kan ń san án níbì kan. Ẹni tó ń san ìyẹn ni ẹni tó ń yá yàrá gbé.

Ọmọkùnrin kan dé láti ilé ní 2022, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló wá ṣe. Ó gba yàrá kan ní Abbey Wood, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan sí ibùdó. Láàrin ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi owó kún yàrá yẹn, ìdí kan náà ni wọ́n sì ń sọ fún un nígbà kọ̀ọ̀kan: “Ọkọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ báyìí.” Onílé rẹ̀ kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ará Íńdíà. Yorùbá ni. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Dartford. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìhà Canary Wharf, nítorí náà láràárọ̀, yóò wọ ọkọ̀ ti ọ̀hún dé Abbey Wood, yóò sọ̀, yóò wọ ti Elizabeth. Ìdí ọkọ̀ tó jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò ló ń wá lójoojúmọ́.

Ká má purọ́ mọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní oṣù Kejìlá 2021, èlé tí Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ń lọ sókè láti 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 2023, ó ti di 5.25. Onílé tó ṣì ń san gbèsè ilé rẹ̀ rí ìjàngbọ̀n, a mọ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wọn gbé ìwé wọn wá fún wa kí á bá wọn wò ó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi owó kún owó ilé, ó ní àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa: nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn tó ti san gbèsè ilé wọn tán ò kéré. Èlé ò kan wọ́n. Ọkọ̀ tí wọn ò san kọ́bọ̀ sí ni wọ́n ń gba owó lé lórí, ọwọ́ ọmọ ẹni tó sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé ni wọ́n ti ń gbà á. Nígbà tí àwa dé sí ìlú yìí, nínú pálọ̀ àwọn èèyàn ni púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ sùn, tí wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju pé kí á máa fọ abọ́. Ẹlòmíràn á ní ayé ìgbà yẹn kọ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwa yìí náà là ń gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì la fẹ́ gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní ni ti gbọ̀ngàn. A ti ń pàdé ní Peckham láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wa ti ń gbé ibẹ̀. Lónìí, a ti tú ká dé Ilford, Romford, Hayes, Slough àti Luton. Bí a bá gbé ìpàdé wa sí Woolwich, ẹ̀bá ibùdó, àwọn ará Hayes àti Slough á wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ará Romford àti Ilford á pààrọ̀ ní Whitechapel. Àwọn ará Luton á gba ti Thameslink dé Farringdon. Ẹ̀yin ará Peckham, a ò gbàgbé yín: ọkọ̀ Overground tí wọ́n ti ń pè ní Windrush láti 2024 ń ti Peckham Rye lọ sí Whitechapel tààrà, bọ́ọ̀sì 177 yín náà sì ń gba Woolwich kọjá. Owó gbọ̀ngàn tí a bèèrè ní Woolwich fi díẹ̀ ju ti Peckham lọ. Akápò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni ti ilé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń fi yàrá yá ni à ń bẹ̀ pé kí ó fi ọwọ́ sí ìwé kan tí kò gùn: pé kò ní fi owó kún owó ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, pé yóò sọ fún ayálégbé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, àti pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni yóò máa san iye tó dínkù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìwé náà kì í ṣe òfin, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí a lè gbé ẹnikẹ́ni lọ nítorí rẹ̀. Àwọn kan ti bi wá pé kí ló dé tí àwa ẹgbẹ́ á fi máa dá sí dúkìá ẹni. A ní kí wọ́n wá sọ ọ́ ní ìpàdé, níwájú àwọn ọmọ tó ń yá yàrá lọ́wọ́ wọn. Títí di ìgbà tí à ń kọ èyí, onílé mẹ́rin ti fọwọ́ sí i, àwa ni ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ kà á kí ó tó di ọjọ́ náà.